Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ìmàdò ṣẹ̀? Kíkà àti kíkọ lítíréṣọ̀ nínú kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ lítíréṣọ̀ àti kíkọ àtinúdá nínú kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì wa. Ewì Níyì Ọ̀ṣúndáre tí ó pè ní "The Leader and the Led" ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlà kan péré nínú ewì náà ni a dúró lé lórí jù, ìlà tó lé ìmàdò kúrò nínú ọ̀rọ̀ oyè. Èrò wa ni pé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá ìwé jiyàn ni kíkọ tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé bí a ṣe ń kọ́ni àti bí a ṣe ń máàkì kì í jẹ́ kí ó débẹ̀.

Ìfáárà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí tàìmùtébù. Olùkọ́ kan náà ni ó sábà máa ń kọ́ méjèèjì, síbẹ̀ ohun tí ọmọ kà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ohun tí ó kọ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kì í kí ara wọn. Nínú lítíréṣọ̀, kókó ọ̀rọ̀, ẹ̀dá ìtàn àti ọnà-èdè ni à ń há sórí. Nínú èdè, àròkọ ni: lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àpilẹ̀kọ fún ìwé ìròyìn, àríyànjiyàn, àti ìtàn. Ní abala àròkọ nínú ìdánwò WAEC, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ìbéèrè kan nínú márùn-ún, yóò sì kọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 450. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú márùn-ún yìí máa ń ní kí ó kọ ìtàn tí yóò fi ìtumọ̀ òwe kan hàn, tàbí ìtàn tí gbólóhùn kan báyìí yóò parí.

Ìbéèrè ìtàn yìí ni ibi tí ìdánwò ti sọ fún ọmọ gbangba pé kí ó fi ọpọlọ ara rẹ̀ dá nǹkan sílẹ̀. Òun náà sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kìlọ̀ fún un pé kí ó yẹra fún. "Ẹ mú lẹ́tà. Lẹ́tà ní ìlànà: àdírẹ́sì wà, déètì wà, ìkíni wà. Kí ni èèyàn fẹ́ dì mú nínú ìtàn?" Ìkìlọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a ń lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé àwọn náà ti ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí àgbàlagbà bá pa òwe nílé tí ọmọ bá béèrè ìdí rẹ̀, ìtàn ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Ọmọ tó ti ń gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kó tó mọ ìwé kà ni a wá ń sọ fún nínú kíláàsì pé ìtàn alówe ti le jù fún un.

Mi ò fẹ́ to gbogbo ìṣòro ìkọ́ni lẹ́sẹẹsẹ níbí. A ti gbọ́ ti àìsí ìwé, ti èrò kíláàsì àti ti owó oṣù ní irú àpéjọ báyìí, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ìlà ewì kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, kí a wá wo ohun tó yẹ kó ti inú rẹ̀ jáde àti ohun tí kò jẹ́ kí ó jáde.

Ewì náà

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni Níyì Ọ̀ṣúndáre, 1947 ni wọ́n bí i. "The Leader and the Led" wà lára àwọn ewì ilẹ̀ Áfíríkà tí WAEC yàn fún lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2021 sí 2025, nítorí náà kò sí olùkọ́ lítíréṣọ̀ tí kò bá a pàdé. Ewì kúkúrú ni, ìlà méjì-méjì ni ó fi ń rìn. Àwọn ẹranko ń wá olórí. Kìnnìún kọ́kọ́ jáde pé òun ni oyè tọ́ sí. Àwọn àgbọ̀nrín rántí bí èékánná rẹ̀ ṣe máa ń balẹ̀ lára wọn. Ìkookò ní òun ni wọ́n dá adé fún. Àwọn ẹ̀yà ẹtu kan ronú kan ikùn rẹ̀, wọ́n gbọ̀n. Àgùnfọn fẹ́ wà níwájú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀ jù. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà náà ní ẹ̀tọ́ òun ni. Àwọ̀ méjì tó wà lára rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Erin bọ́ sínú ìdíje náà, ẹ̀rù ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ewì wá fi ìlà kọ̀ọ̀kan lé àwọn méjì dànù: ìmàdò burẹ́wà jù, àgbáǹréré ń fa wàhálà jù. Agbo wá ń ta gìrìgìrì kiri láìní olórí, títí ọlọgbọ́n inú igbó fi sọ irú aṣáájú tí wọ́n ń fẹ́: ẹni tí yóò le níbi tó yẹ kó le, tí yóò rọ̀ níbi tó yẹ kó rọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ mọ bí a ṣe ń tẹ̀lé ẹlòmíràn, tí àwọn tó ń tẹ̀lé e náà kò sì ní gbàgbé pé àwọn lè ṣíwájú.

Nóòtù tí mo máa ń bá lórí pátákó nìyí. Kókó ọ̀rọ̀: aṣáájú rere. Ọnà-èdè: ìfohunpènìyàn, àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, àwítúnwí ìró kọ́ńsónáǹtì. Ẹ̀kọ́: kí á yan aṣáájú tó pójú owó. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò ka ewì náà rárá náà lè kọ ọ́ pé péré, àìmọye ọmọ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kà á bí ẹni tó jókòó gbọ́ ẹjọ́. Ta ni ó jẹ́rìí lòdì sí ta ni? Àwọn tí kìnnìún àti ìkookò ń pa jẹ ni ó ta kò wọ́n, ẹlẹ́rìí gidi ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ àgùnfọn kò ní ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ó ní ìdí: ẹni tí kò lè rí ohun tó wà nílẹ̀, báwo ni yóò ṣe tọ́jú àwọn tó ń gbé ilẹ̀? Ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ti ń mú èèyàn kọminú díẹ̀, nítorí pé àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́. Ẹsẹ̀ erin lè ṣèèyàn léṣe bí kò tilẹ̀ ní ìkà lọ́kàn. Àgbáǹréré ní ìwà tí wọ́n lè tọ́ka sí. Ìmàdò ńkọ́? Kò pa ẹnikẹ́ni jẹ nínú ewì yìí. Kò tẹ ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ó ṣe òun ní nǹkan kan. Ojú rẹ̀ ni wọ́n wò. Ẹ sì ṣàkíyèsí èyí: kìnnìún, ìkookò, àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti erin, olúkúlùkù ló jáde wá sọ pé òun ń fẹ́ oyè. Ìmàdò kò jáde. Wọ́n ti kọ̀ ọ́ kó tó béèrè.

Ọ̀nà méjì ni lámèyítọ́ lè gbà ka ìlà yìí. Ó lè ní akéwì fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín ni, pé ewì nílò ìsinmi díẹ̀ lẹ́yìn erin. Tàbí kí ó ní akéwì ń fi ojú àwọn tí à ń ṣe olórí fún hàn wá, pé agbo tó ń sunkún olórí kò mọ̀ pé ojú lásán ni òun fi ń yan èèyàn. Èmi gba ti èkejì. Orúkọ ewì náà ní apá méjì, aṣáájú àti àwọn tó ń tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n inú igbó ní ìparí sì béèrè nǹkan lọ́wọ́ apá méjèèjì. Bí agbo kò bá lẹ́bi kankan, kí ni ọlọgbọ́n ń bá wọn wí fún? Nóòtù tó wà lórí pátákó, tó dúró sórí "aṣáájú rere", ti já ìdajì orúkọ ewì sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè bá mi jiyàn lórí èyí. Irú iyàn bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú kíláàsì.

Ohun tí ọmọ ti mọ̀ nípa ìmàdò

Àwọn àgbà ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́; ẹrú ì bá jọba, ènìyàn ì bá kù kan. Mi ò sọ pé òwe yìí ni Ọ̀ṣúndáre ní lọ́kàn; ewì náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé òwe náà ti so ìmàdò mọ́ ọ̀rọ̀ oyè lẹ́nu Yorùbá tipẹ́, ọmọ tó bá sì gbọ́ ọ nílé rí yóò gbọ́ nǹkan nínú ìlà náà tí ìwé àlàyé kankan kò lè fún un.

Kí ni yóò gbọ́? Lákọ̀ọ́kọ́, yóò gbọ́ ìdí kan tí ewì kò sọ: pé ìmàdò lè ba ìlú jẹ́. Ó lè rò pé ó ti yanjú nìyẹn, pé agbo kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n apá kejì òwe kò ní jẹ́ kí ó sinmi. Ó fi ẹrú sí ẹ̀gbẹ́ ìmàdò. Ẹrú wo ni wọ́n ti fi jọba tí a fi mọ̀ pé yóò pa ìlú run? Òwe náà kò dárúkọ ẹnì kankan. Bí wọ́n ṣe bí èèyàn ni ó gbé lé ìwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ewì ṣe gbé ojú ìmàdò lé e. Nínú méjèèjì, ohun tí ẹ̀dá jẹ́ ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ohun tó ṣe. Ọmọ ọdún 16 lè rí èyí bí a bá fún un láàyè. Ó lè gbà pẹ̀lú àwọn àgbà, ó sì lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé òun kò gbà. Ní orílẹ̀-èdè tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè ìpínlẹ̀ tí baba ẹni ti wá kí wọ́n tó béèrè ohun tí ẹni mọ̀ ọ́n ṣe, iyàn yìí kì í ṣe eré ọmọdé.

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì SS2 kan nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan ń kọ́ ewì yìí. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó béèrè pé kí ni ìmàdò ṣe. Ẹ̀rín sọ nínú kíláàsì. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó ní ìyẹn kò sí nínú nóòtù, kí ó máa da ohun tó wà lórí pátákó kọ. Mo wo fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ mi: ètò ẹ̀kọ́, ìmúra, ìlò pátákó, ohùn, ìkáwọ́ kíláàsì. Ó yege lórí gbogbo wọn, mo sì kọ máàkì fún un bó ṣe tọ́. Kò sí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí pé ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù lọ lọ́jọ́ náà kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mi ò dá ọmọkùnrin náà lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni ó ṣe kọ́ni, lọ́dọ̀ wa sì ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Máàkì ààbọ̀

Bí a bá dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ìdánwò ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdánwò náà dáadáa. Máàkì 50 ni WAEC ń fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì. Àkóónú gba 10, ìgbékalẹ̀ gba 10, ìlò èdè gba 20, àṣìṣe gírámà, àmì àti sípẹ́lì wà lábẹ́ 10 tó kù. Ààbọ̀ máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Èyí ni pé ọmọ tó ṣe àṣìṣe 20 ti pàdánù 10 yẹn tán, kò sì sí ohun tí wọ́n tún lè yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ó bá ṣe 40. Máàkì 40 ṣì wà nílẹ̀ fún èrò rẹ̀, fún bó ṣe to ọ̀rọ̀, àti fún bó ṣe lo èdè.

Nínú kíláàsì wa ńkọ́? Ẹ gba ìwé àròkọ ọmọ èyíkéyìí kí ẹ ṣí i. Bírò pupa ti fa ìlà sábẹ́ gbogbo àṣìṣe, ó ti yí gbogbo sípẹ́lì po, ó ti kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa ìtàn tí ọmọ sọ. Apá kan nínú márùn-ún ni a fi gbogbo agbára wa máàkì, a fi mẹ́rin sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Ìlànà àjọ ìdánwò tí à ń bú yìí ṣàánú ọmọ ju àwa lọ. Nígbà tí ọmọ bá ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́: gbólóhùn kúkúrú kò léwu, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò kò léwu, lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò léwu.

Máàkì 20 tó wà fún ìlò èdè yẹn gan-an ni oúnjẹ tó yẹ kí lítíréṣọ̀ máa gbé wá. Ọmọ tó ti rí bí Ọ̀ṣúndáre ṣe fi ìlà kan gbé ẹnì kan dìde tó sì fi ìkejì gbé e ṣubú ti rí ìhun gbólóhùn kan tí òun náà lè lò nínú ìtàn, nínú àríyànjiyàn, kódà nínú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n a kò sọ fún un pé ó lè mú un lò. "Àwítúnwí ìró kọ́ńsónáǹtì" ni a ní kí ó kọ sílẹ̀.

Akéwì tó yin Tutùọlá

Lára àwọn ewì tí kì í ṣe ti Áfíríkà nínú àṣàyàn 2021 sí 2025 náà ni "Do Not Go Gentle into That Good Night" tí Dylan Thomas, ọmọ ilẹ̀ Wales, kọ. Àwọn ọmọ wa ń há a sórí. Ohun tí a kì í sọ fún wọn ni pé akéwì yìí kan náà ni ó kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn The Observer ní oṣù Keje 1952 láti yin ìwé kan tí ọmọ Abẹ́òkúta kọ. Amos Tutùọlá ni ẹni náà, The Palm-Wine Drinkard ni ìwé náà, ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Tutùọlá kò kàwé púpọ̀. Ìránṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń rìn bí Yorùbá, ojú sì ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa nígbà náà. Wọ́n ní àwọn òyìnbó yóò rò pé bí gbogbo wa ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ọdún 1952 yẹn náà ni wọ́n dá WAEC sílẹ̀. Kò sí ìbátan láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò lè gbójú fò ó.

Kò yẹ kí a fi ojú yẹpẹrẹ wo àwọn tí ojú ń tì. Dylan Thomas kò ní ọmọ kankan tó fẹ́ wọ yunifásítì ní Ìbàdàn. Kò ná an ní nǹkan kan láti gbádùn Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá. Olùkọ́ tó ní ọmọ 60 níwájú rẹ̀ mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì tó gún ni ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ náà fẹ́ gbà wọlé, ẹni tó bá sì ní kí wọ́n máa kọ bí Tutùọlá lọ sí ìdánwò, ọ̀tá wọn ni. Ohun tí Tutùọlá fi hàn wá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wúlò jù ú lọ: agbára ìtàn àti pípé gírámà kì í ṣe nǹkan kan náà, a sì lè máàkì wọn lọ́tọ̀. Ìlànà WAEC ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwa la pa wọ́n pọ̀.

Mo tún rántí kíláàsì mìíràn, ti Chinua Achebe. Nínú ìwé rẹ̀ Home and Exile tó jáde ní 2000, ó sọ nípa kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì wọn ní University College, Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Mister Johnson tí Joyce Cary kọ ni wọ́n ń kà, ìtàn nípa ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ òyìnbó. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde, ó sọ lójú olùkọ́ pé ibi kan ṣoṣo tí òun gbádùn nínú ìwé náà ni ibi tí òyìnbó ti yìnbọn pa Johnson. Ẹnu ya olùkọ́. Ọ̀rọ̀ líle ni, kò sì sí nínú nóòtù olùkọ́ kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́, àwọn yòókù gbọ́ ọ, wọ́n sì rí i pé ohun tó ń run àwọn náà nínú nìyẹn. Things Fall Apart jáde ní 1958. Àsọdùn ni yóò jẹ́ bí mo bá ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ló bí ìwé náà. Síbẹ̀ Achebe fúnra rẹ̀ kò fi ìjà tó bá ìwé Cary jà pa mọ́ nígbà tó ń sọ bí òun ṣe di òǹkọ̀wé. Irú ìbéèrè tí ọmọbìnrin SS2 yẹn béèrè nípa ìmàdò kò yàtọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn yẹn. Àwọn méjèèjì kò gbà kí ìwé dá ẹnì kan lẹ́jọ́ kí wọ́n sì dákẹ́.

Nínú ìṣẹ́jú 40

Ẹ ó ní àsọyé dùn, kí ni a ó ṣe lọ́la? Ìdáhùn mi kò ní owó nínú, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ti tó.

Kí olùkọ́ ka ewì náà sókè lẹ́ẹ̀méjì, kò gbọdọ̀ sí nóòtù kankan lórí pátákó. Kí ó ní kí àwọn ọmọ sọ ẹni tó jáde àti ẹni tó ta kò ó, kí wọ́n sì wá èyí tí kò sí ẹni tó ta kò ó. Wọn yóò rí ìmàdò fúnra wọn. Kí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jiyàn lé e lórí, kí wọ́n sì fi èdè tó bá yá wọn lẹ́nu jà á. Mo mọ̀ pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè abínibí. Kí wọ́n dá owó náà dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iyàn tí ọmọ kò lè jà ní èdè ìyá rẹ̀, kò ní lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ibi tí kíláàsì bá ti dàpọ̀, ìyẹn gan-an ni adùn rẹ̀. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka Haúsá àti Ìgbò tí a jọ wà ní àpéjọ yìí, ẹ̀yin náà ní ẹranko tí àwọn àgbà yín kì í fi joyè, ẹ sì mọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìlà méjì péré ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlà kan fún ẹranko tí kò sí nínú ewì náà tó wá du oyè, ìlà kejì fún ẹni tó ta kò ó. Fún àpẹẹrẹ, ìjàpá lè jáde pé òun ló gbọ́n jù, kí àwọn ẹyẹ wá rántí ìyẹ́ tí wọ́n yá a. Ọmọ tó bá kọ èyí ti lo àfiwé, ó ti lo ìfohunpènìyàn, ó ti mọ ohun tí ìlà méjì ń ṣe fún ara wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é lórúkọ fún un. Nígbà tí a bá wá pè é lórúkọ lọ́jọ́ kejì, nǹkan tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni a ń dárúkọ. Iṣẹ́ àmúrelé ni ìtàn ọ̀rọ̀ 450: ọdún tí ìmàdò jọba. Ìbéèrè òwe inú ìdánwò nìyẹn, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni.

Ti máàkì ni olùkọ́ yóò kọ́kọ́ béèrè, ó sì tọ́ kí ó béèrè. Èèyàn kan kò lè máàkì ìtàn 60 lọ́sẹ̀ kan kó sì kà á tinútinú. Kí àwọn ọmọ jókòó ní márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n ka ti ara wọn, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan wá. Ìtàn méjìlá nìyẹn. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ka méjèèjìlá láìmú bírò dání, kí ó kọ gbólóhùn kan nípa ìtàn náà sí ìsàlẹ̀, kó tó wá padà sí àṣìṣe.

Ọ̀nà kan náà ṣiṣẹ́ fún eré-onítàn. The Lion and the Jewel Wọlé Ṣóyínká wà nínú àṣàyàn kan náà, níbi tí Lákúnlé olùkọ́ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá wá ìyàwó. Òun ni àwòrán tó sún mọ́ àwa olùkọ́ jù lọ nínú gbogbo àṣàyàn náà, bóyá ìdí nìyẹn tí a fi máa ń yára sáré kọjá lára rẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ kọ ìran kan níbi tí Sìdì ti wá jókòó sí kíláàsì Lákúnlé lẹ́yìn tó ti di ìyàwó Baálẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n rò nípa wa.

Ó ku àwa fúnra wa. D. O. Fágúnwà tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, olùkọ́ ni, Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lè tú ewì mẹ́wàá palẹ̀ kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí NCE láìkọ ewì kan tirẹ̀. A wá ń retí pé kí ó lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìtàn kíkọ. Kí a tó béèrè àtúnṣe lọ́wọ́ ìjọba, a lè ṣe èyí nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ewì kan tí a bá tú palẹ̀, kí a kọ ọ̀kan tẹ̀ lé e, kí olùkọ́ àgbà náà kọ tirẹ̀, kí ó sì kà á sókè.

Ní ti fọ́ọ̀mù tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò wọn, ìlà kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: "Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ béèrè, kí sì ni olùkọ́ fi ìbéèrè náà ṣe?" Máàkì márùn-ún ti tó. A lè yọ márùn-ún náà lára èyí tí a fi ń wo táì àti bàtà.